Ọwọ́ Tí Bàbá Adégbénró Fi Pamọ́

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kọkànlá 2024

A bẹ̀rẹ̀ lónìí. Òjò lù wá láti Òṣogbo títí dé Ìlobù, òjò tí gbogbo ènìyàn ní ó ti lọ tán. Kingsley, tó ń bá mi ya àwòrán, bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ fi wé kámẹ́rà, òun fúnra rẹ̀ sì jókòó sínú ọkọ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó ní, "Àǹtí Ọmọ́wùnmí, tí òtútù bá mú èmi, ẹ ó ra òògùn. Tó bá mú kámẹ́rà, ẹ ó sunkún." Òótọ́ ni.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ya ìgbéyàwó àti ìsìnkú àgbà jẹun. Èyí ni fíìmù àkọ́kọ́ tí mo máa pè ní tèmi: ìtàn ìgbésí ayé Bàbá Nehemiah Adégbénró, tí wọ́n bí ní Ìlobù níbí, tí ìyàwó pásítọ̀ kọ́ ní dùùrù nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí òrùlé rẹ̀ ń jò, tí wọ́n sì wá di ẹni tí àwọn òyìnbó ń wọ ẹ̀wù kóòtù lọ gbọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Fìẹ́nà, ìlú àwọn olórin ní ilẹ̀ òyìnbó. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, orúkọ wọn ni bàbá mi fi ń bá wa wí. "Ṣé orí méjì ni Adégbénró ní ni?"

Mo mú ọsàn dání lọ sí ilé wọn. Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé àpò ọsàn náà sókè sí wọn. Bàbá wò ó. Wọn ò na ọwọ́. "Gbé e sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ọmọ mi." Mo gbé e sílẹ̀. Eékún mi ṣì wà lórí sìmẹ́ǹtì tútù, ojú sì ń tì mí bí ẹni tó kí ògiri.

Tolúlọpẹ́, ọmọ wọn obìnrin tó ń bá wọn gbé, sáré gbé ọsàn náà wọ ilé ìdáná. Tíṣà ni, ó sì lè fi ojú lásán pa kíláàsì lẹ́nu mọ́, àmọ́ kò wo ojú tèmi.

Àdéhùn wa nìyí: a lè bi Bàbá ní ohunkóhun. A lè ya ojú wọn, ilé wọn, àwọn fọ́tò àtijọ́. "Ṣùgbọ́n mi ò ní tẹ píánò fún yín." Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé wọ́n ń ṣàwàdà ni.

Ọjọ́rú, 6

Kì í ṣe àwàdà.

Ṣùgbọ́n ẹnu Bàbá dùn, mi ò lè purọ́. Wọ́n jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìwé ìròyìn tẹ́ sórí itan wọn (ìwé ìròyìn kan náà láti ọjọ́ Ajé, bóyá wọn kì í tètè kà á tán), wọ́n sì sọ ti alẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ píánò ní Fìẹ́nà. Bàtà tí wọ́n yá tóbi, wọ́n fi aṣọ dí iwájú rẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fi ẹsẹ̀ tẹ irin ìsàlẹ̀ píánò, bàtà á dún, kẹ̀rẹ́, kẹ̀rẹ́. Nígbà tí wọ́n parí, ìyá arúgbó òyìnbó kan wá bá wọn, ó ní òun gbádùn ìlù Áfíríkà tí wọ́n fi sí i. Kingsley rẹ́rìn-ín títí ohùn tó ń gbà sílẹ̀ fi bàjẹ́.

Lọ́sàn-án, Bàbá ní ó rẹ àwọn. Wọ́n wọ yàrá píánò, wọ́n ti ilẹ̀kùn. A gbọ́ ọ láti ìta. Orin kan tó rọra ń lọ, ẹnìkan ń lé, àwọn mìíràn ń gbè. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀. Kingsley yọ nǹkan etí rẹ̀ kúrò, a sì jókòó bí ọmọ tí wọ́n ní kó má sọ̀rọ̀.

Mo fẹ́ kan ilẹ̀kùn. Tolúlọpẹ́ dúró síbẹ̀ bíi sójà.

Fíìmù a-tẹ-píánò tí kò tẹ píánò! Ta ló fi mí ré?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 9

A bi àwọn ará Ìlobù léèrè. Jímọ́ọ̀, onígbàjámọ̀ tó wà ní ọ̀kánkán ilé Bàbá: "Bàbá yẹn? Kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ènìyàn. Òyìnbó ti wọ̀ wọ́n lára." Alàgbà Afọlábí nínú ìjọ, tí wọ́n ju Bàbá lọ lọ́jọ́ orí, kò tilẹ̀ fi ọ̀rọ̀ bò fún mi. "Mo na obì sí Nehemiah níwájú gbogbo ìdílé. Èmi! Ó wò mí, ó ní kí n gbé e sílẹ̀ sórí tábìlì. Láti ọjọ́ náà ni kò ti wá ìpàdé mọ́, a ò sì ránṣẹ́ pè é."

Mo rántí eékún mi lórí sìmẹ́ǹtì. Nínú ọkàn mi, mo gbè sẹ́yìn Alàgbà. Ẹni tí ayé pàtẹ́wọ́ fún, ará ilé rẹ̀ á di ẹni tí kò tó nǹkan lójú rẹ̀.

Epo jẹnẹrétọ̀ ti lé ní ẹgbẹ̀rún náírà lítà kan. A ò tanná mọ́ àyàfi tó bá di dandan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12

Kí Ọlọ́run dárí ji ẹnu mi.

Mo lọ ní àárọ̀ kùtù nítorí mo fẹ́ ya oòrùn tó ń yọ lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀. Bàbá jókòó lórí àpótí, wọ́n ń fi àkàrà mu ẹ̀kọ. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún wà lórí itan wọn, ó ká jọ, ó sì dákẹ́ bí ọmọ tó sùn.

Mo fẹ́ yọ́ padà. Wọ́n ti rí mi.

"Má sá. Jókòó."

Mo jókòó sílẹ̀. Wọ́n jẹ àkàrà wọn tán kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, wọn ò kánjú. Wọ́n ní àwọn sùn lálẹ́ ọjọ́ kan bí ẹni tó ní ọwọ́ méjì, ilẹ̀ mọ́, ó ku ọ̀kan. Rọpárọsẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́ta. Ẹsẹ̀ padà, ẹnu padà, ọwọ́ kò padà.

Mo ní, "Bàbá, ìgbéraga ni àwọn ará ìlú rò pé ó jẹ́, sà."

"Mo mọ̀. Ó sàn bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá pè mí ní agbéraga, orúkọ ọkùnrin ni. Kí ni wọn ì bá pè mí ká ní mo fi òsì gba obì lọ́wọ́ Alàgbà níwájú ọmọ àti ìyàwó ilé?"

"Wọn ì bá mọ̀ pé ara yín kò yá ni, sà."

"Wọn ì bá káàánú mi." Bí wọ́n ṣe pe ọ̀rọ̀ náà, ó burú ju àìsàn lọ.

Mo bi wọ́n léèrè orin inú yàrá. Wọ́n ní ọwọ́ òsì nìkan ni. Mi ò gbà gbọ́. Wọ́n mú mi lọ síwájú píánò, wọn ò tẹ̀ ẹ́, wọ́n kàn fi ìka hàn mí lórí ìdérí rẹ̀: àtàǹpàkò ló ń lé, ìka mẹ́rin yòókù ń gbè. Wọ́n ní lẹ́yìn ogun kan ní ilẹ̀ òyìnbó, àwọn a-tẹ-píánò tí ogun gé lọ́wọ́ ọ̀tún ò fẹ́ fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀, àwọn tó ń kọ orin bá kọ èyí tí ọwọ́ òsì nìkan lè tẹ̀ fún wọn.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ya èyí. Ẹ jọ̀wọ́."

"A kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni, Ọmọ́wùnmí. Ṣé òun ni kí n wá fi tẹ píánò fún ará ilé bàbá mi?"

Wọ́n ní kí n búra pé mi ò ní sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, mi ò sì ní ya ọwọ́ náà. Mo búra. Èmi tí wọ́n ń pè ní rédíò nílé wa. Kingsley nìkan ni mo ní ààyè láti sọ fún, nítorí òun ló ń di kámẹ́rà kejì mú. Nígbà tí mo sọ fún un, ó wakọ̀ títí dé Òṣogbo láìtan orin.

Ọjọ́ Ẹtì, 15. Ìfọ́n

Bàbá ní ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo tó kù láyé, Alhaja Mọ́ríátù, ọmọ ìyá kan náà, bàbá kan náà. Ọkọ ló gbé wọn wọ Ìfọ́n àti ẹ̀sìn Mùsùlùmí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge. Wọ́n ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, eékún ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n ẹnu kò dùn wọ́n rárá. Wọ́n ń pe Bàbá ní Àjàmú.

Wọ́n sọ bí àwọn ṣe máa ń pọn Àjàmú lọ kọ́ dùùrù, tí àwọn á jókòó sábẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì títí yóò fi parí. "Gbogbo orin rẹ̀, ẹ̀yìn mi ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ sí mi léjìká bí a bá ń bọ̀ wálé."

Mo ní kí Kingsley má pa kámẹ́rà. Bí ẹni pé Alhaja mọ̀ pé mo ń pa nǹkan mọ́, wọ́n yíjú sí mi.

"Ìwọ tó ń lọ síbẹ̀. Kí ni mo ṣe fún Àjàmú?"

Mo ní, "Mà?"

"Gbogbo Sátidé ló máa ń wá. Mo máa ń ṣe àádùn sílẹ̀ dè é. Ọdún mẹ́ta rèé. Mo bá pè é lórí fóònù, á ní 'Ara mi le, Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń bọ̀.' Kò wá. Ìléyá kọjá, kò wá. Ṣé nítorí mo ń kírun ni? Mo ti ń kírun kí ó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù!"

Mo ní bóyá iṣẹ́ ló pọ̀. Wọ́n wò mí bí ẹni tó bu omi sínú epo.

"Èmi ni mo jù ú lọ. Òun ló yẹ kó wá. Mi ò lè dìde lọ bá àbúrò mi láti lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó fẹ́ràn mi." Wọ́n fi ìborùn nu ojú. Mo jẹ ahọ́n mi mọ́lẹ̀ títí ó fi dùn mí. Ìlobù àti Ìfọ́n! Bí ẹnìkan bá ń se ọbẹ̀ níbí, òórùn rẹ̀ lè dé ọ̀hún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 19

Ọyẹ́ ti wọlé. Ètè mi là.

Ayọ̀mídé pè láti Èkó, ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ló gbé fíìmù yìí fún mi. Ó fẹ́ rí i kí ọdún tó parí. Mo sọ fún un pé Bàbá kò fẹ́ kí a ya àwọn níbi tí wọ́n ti ń tẹ píánò. Ó wá ní, "Ṣé ó ṣòro ni? Ẹ wá ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n tẹ̀, ẹ ya ọwọ́ tirẹ̀. Ẹ fi àtíkè kun ọwọ́ náà kó dàgbà díẹ̀. Ta ló máa mọ̀?"

Mo ní màá rò ó. Mo sì rò ó lóòótọ́, fún gbogbo ọjọ́, èmi ọmọ ènìyàn. Kò sí ẹni tó máa mọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 21

Mo sọ fún Ayọ̀mídé pé rárá. Ó pa fóònù mọ́ mi létí.

Ọjọ́ Àìkú, 24

Kọ́ládé tó ń tún píánò ṣe wá láti Ìbàdàn. Ọyẹ́ ti gbẹ igi píánò náà, ohùn mẹ́ta ti yẹ̀. Bàbá jókòó tì í, wọ́n ń tọ́ka sí èyí tó ṣàìsàn bí dókítà ọmọdé.

Nígbà tí Kọ́ládé lọ, wọ́n pè mí wọlé. "Fi kámẹ́rà síta. Ìwọ nìkan, wọlé." Mo wọlé. Tolúlọpẹ́ fi àyè sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà àkọ́kọ́.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Mo ti ya gbogbo oríṣiríṣi orin ní ayé mi, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn di ènìyàn létí. Mi ò tíì rí irú èyí. Ọwọ́ kan ṣoṣo ń sáré lọ sápá ọ̀tún lọ ṣe iṣẹ́ ọwọ́ tí kò sí níbẹ̀, ó sì ń sáré padà wá ṣe tirẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún jókòó lórí itan, ó ń gbọ́. Mo sunkún, mi ò fi bò.

Láàárín, Bàbá dúró. Wọ́n na ìka àárín ọwọ́ òsì, kò fẹ́ nà. Wọ́n fi eyín fà á díẹ̀díẹ̀, nítorí kò sí ọwọ́ kejì tó máa bá wọn fà á.

"Èyí náà ti ń dágbére," ni wọ́n sọ. Dókítà ti kìlọ̀ fún wọn pé rọpárọsẹ̀ lè padà wá, àti pé òtútù kò bá wọn lára mu. Bí ọyẹ́ bá le, wọn ò mọ̀ bóyá ìka náà yóò ṣì wúlò ní ọdún tuntun.

Mo mọ̀ nísinsìnyí pé kì í ṣe fíìmù mi nìkan ni àkókò ń tán fún. Orin yẹn fẹ́ kú sínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ọjọ́rú, 27. Ìfọ́n

Mo ṣe é tán. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, ó ní ẹ̀tọ́.

Ọkàn mi kò gbà kí Alhaja máa sunkún lásán. Mo ní ó kéré tán, kí wọ́n rí ojú àbúrò wọn. Mo gbé kọ̀ǹpútà lọ, mo fi ìtàn bàtà Fìẹ́nà hàn wọ́n. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n na ìka sí ojú Bàbá lórí kọ̀ǹpútà. "Ó ti gbó. Àjàmú ti gbó ju èmi lọ."

Bàbá rẹ́rìn-ín lórí kọ̀ǹpútà náà, wọ́n nu omijé ẹ̀rín. Mo ti wo ibẹ̀ yẹn lọ́pọ̀ ìgbà.

Alhaja ní, "Dá a padà."

Mo dá a padà.

"Ọwọ́ òsì ló fi nu ojú." Wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Mo kọ́ ọ ní ọwọ́ tó fi ń jẹun. Ọ̀tún ló máa ń lò fún ohun gbogbo. Kí ló wà lábẹ́ ìwé ìròyìn yẹn?"

Mo pa ìbúra mi mọ́ ní ẹnu, ṣùgbọ́n ojú mi kò búra.

"Ó pẹ́ tó?"

Mo wo ilẹ̀.

"Ọdún mẹ́ta," Alhaja dá ara wọn lóhùn. Ẹnìkan ń gún nǹkan nínú odó ní ilé kejì. Wọ́n ní kí n máa lọ, àwọn fẹ́ kírun.

Ọjọ́bọ̀, 28

Mo lọ sọ fún Bàbá fúnra mi, kí wọ́n má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mo dojú bolẹ̀.

Wọn ò pariwo. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo. "Gbogbo ayé lè mọ̀, Ọmọ́wùnmí. Kì í ṣe òun. Òun ló kọ́ ọwọ́ yẹn." Wọ́n wọ yàrá lọ. A ò gbọ́ píánò.

Tolúlọpẹ́ bá wa palẹ̀ ẹrù mọ́. Ní ẹnu ọkọ̀ ó ní, "Ẹ má wá mọ́, ẹ jọ̀ọ́," ó sì di ọwọ́ mi mú díẹ̀ kó tó wọlé.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 30

Ìgbéyàwó ní Òṣogbo. Ọwọ́ ni mo ń rí: ọwọ́ tó ń gba ìyàwó, ọwọ́ tó ń gba oúnjẹ, ọwọ́ tó ń gbàdúrà lé orí. Kingsley ní mo ti ya ọwọ́ ju ojú ìyàwó lọ, wọ́n máa bú wa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kejìlá

Màá gbìyànjú kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

A gbàgbé iná kámẹ́rà kan sí ilé Bàbá, a lọ mú un. Iná nìkan. Tolúlọpẹ́ gbé e wá sí ìta, a sì ń gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ nígbà tí takisí kan dúró lẹ́yìn wa. Alhaja Mọ́ríátù ló wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó ní àwọn ò lè lọ bá àbúrò àwọn! Wọ́n fi ọ̀pá tilẹ̀, wọ́n gbé abọ́ kan tí wọ́n fi aṣọ dì, wọn ò kí ẹnikẹ́ni nínú wa.

Bàbá wà lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí ẹ̀gbọ́n wọn, ìwé ìròyìn já bọ́. Wọ́n dìde, wọ́n fi ọwọ́ òsì di ògiri mú, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rẹ̀ láti dọ̀bálẹ̀. Mo sáré láti dì wọ́n mú. Alhaja na ọ̀pá dí mi lọ́nà.

"Àjàmú, dìde. Mi ò wá gba ìdọ̀bálẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú."

"Inú ń bí mi! Ṣé ọwọ́ rẹ ni mo bá tan ni? Ìwọ ni mo bá tan. Ọdún mẹ́ta! Ǹ bá ti máa fi òrí ra ọwọ́ yẹn fún ọ láràárọ̀. O jẹ́ kí n máa bi Ọlọ́run léèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí mi ò dá."

Bàbá fi ọwọ́ òsì wá àga lẹ́yìn wọn. Wọ́n jókòó. Alhaja náà jókòó tì wọ́n, wọ́n tú abọ́. Àádùn ni, tí wọ́n fi ewé pọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n mú ẹyọ kan. Wọ́n wá kó ọwọ́ ọ̀tún wọn sẹ́yìn, wọ́n sì fi ọwọ́ òsì na àádùn náà sí àbúrò wọn.

Àgbàlagbà obìnrin tó jẹ́ pé ọmọ tó bá dán irú ẹ̀ wò níwájú wọn, ìgbátí ló máa jẹ.

"Gbà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má ṣe báyẹn..."

"Gbà, ó ti ń ro mí lápá."

Bàbá na ọwọ́ òsì, wọ́n gbà á. Wọ́n jọ ń jẹ ẹ́, ọwọ́ òsì méjì. Àádùn ń dà sí Alhaja láyà nítorí wọn ò mọ̀ ọ́n ṣe, Bàbá sì ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa dì í mú. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀. Tolúlọpẹ́ fi orí lé ara mi, ó ń sunkún.

Kámẹ́rà wà nínú ọkọ̀. Kingsley wò mí, ó fi ojú béèrè. Mo mi orí pé rárá. Ibi tó dára jù lọ nínú fíìmù mi nìyẹn, kò sì sí nínú fíìmù mi.

Ó pẹ́ kí Bàbá tó rántí pé a wà níbẹ̀. "Ọmọ́wùnmí, o ò ya èyí?"

"Rárá, sà."

"O ṣeun." Wọ́n gbọn àádùn kúrò lára aṣọ wọn. "Ìgbà wo lo fẹ́ kí n tẹ nǹkan yẹn?"

Mo kúnlẹ̀. Alhaja ló dáhùn. "Níwájú gbogbo ìlú ni o, kì í ṣe níwájú kámẹ́rà nìkan. Kí wọ́n wá wo agbéraga wọn."

Ọjọ́bọ̀, 5

Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Wọn ò ní ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì, orí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, kí onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí lè jókòó síbi tó bá wù wọ́n. Mo sọ ọ́ fún Jímọ́ọ̀ onígbàjámọ̀ nìkan. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti gbọ́ ọ ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun.

Pé ọwọ́ òsì nìkan ni Bàbá máa fi tẹ̀ ẹ́, a ò sọ fún Jímọ́ọ̀. Bàbá ní àwọn fúnra àwọn ló máa sọ ọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 8

Alhaja ò padà sí Ìfọ́n. Láràárọ̀, wọ́n ń fi òrí ra ìka Bàbá lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ti òsì àti ti ọ̀tún. Mo ní, "Alhaja, ti ọ̀tún ńkọ́, ṣé ó ń gbọ́?" Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọmọ tó sùn náà, a máa ń para fún un."

Ìka àárín náà kò dúró sójú kan. Lánàá ó nà, lónìí kò nà.

Bàbá ò jẹun dáadáa. Wọ́n fà mí sẹ́yìn ilé. "Bí wọ́n bá dìde lọ ńkọ́? Bí Alàgbà Afọlábí bá rí ọwọ́ òsì tó sì dìde, gbogbo wọn ló máa tẹ̀lé e." Ẹni tó ti tẹ píánò níwájú ọba òyìnbó! Mo fẹ́ sọ pé wọn ò ní dìde. Ṣùgbọ́n mo mọ ìlú wa, mo sì ti purọ́ nípa dídákẹ́ tó. Mo ní, "Mi ò mọ̀, sà. Bí wọ́n bá lọ, èmi àti Alhaja máa jókòó."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

Àwọn ọkùnrin gbé píánò jáde ní àárọ̀, Kọ́ládé ń sáré yí wọn ká, ó ń bẹ̀ wọ́n bí ẹni pé ìyá rẹ̀ ni wọ́n gbé. Ọyẹ́ bo òrùlé, oòrùn pupa díẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, bẹ́ǹṣì kún, àwọn tí kò rí bẹ́ǹṣì jókòó lórí bíríkì. Alàgbà Afọlábí wà ní iwájú pátápátá, ọwọ́ wọn lórí ọ̀pá, ojú wọn le. Wọ́n wá kí wọ́n lè sọ pé àwọn wá.

Kingsley mú kámẹ́rà tó ń wo àwọn ènìyàn. Èmi mú èyí tó ń wo Bàbá. Mi ò gbé e lé ẹsẹ̀ irin rẹ̀, mo fẹ́ sún mọ́ wọn.

Bàbá jáde. Kò sí ìwé ìròyìn. Wọ́n wọ bùbá alápá péńpé, ọwọ́ ọ̀tún rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn fún gbogbo ojú láti rí. Mo gbọ́ bí èémí ṣe wọ inú àwọn ènìyàn. Obìnrin kan pe Jésù. Jímọ́ọ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Alàgbà Afọlábí tẹ orí síwájú, wọ́n ń wo ọwọ́ náà, mo sì rí i nígbà tí obì ọjọ́sí sọ sí wọn lọ́kàn, nítorí ọ̀pá yẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Ìdákẹ́jẹ́ náà pẹ́. Bàbá dúró nínú rẹ̀. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Mo rò pé wọ́n máa yí padà wọlé.

Wọ́n gbé ọwọ́ òsì sókè díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ júwe nǹkan.

"Ẹ̀yin ará ilé bàbá mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹ má bínú o. Ọwọ́ òsì ni mo fẹ́ fi kí yín."

Kò sí ẹni tó ṣáájú. Alàgbà Afọlábí, Jímọ́ọ̀, àwọn obìnrin orí bíríkì, onígbàgbọ́, Mùsùlùmí, gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà, bí a ṣe ń dá ẹni tó bá fi òsì na nǹkan sí wa lóhùn lójoojúmọ́:

"Ọwọ́ àlàáfíà ni!"

Ọdún mẹ́ta ni ìdáhùn yẹn ti wà lẹ́nu wọn.

Bàbá jókòó. Àtàǹpàkò bẹ̀rẹ̀ sí í lé, àwọn ìka yòókù gbè é, ìka àárín náà nà. Mo ń sunkún, kámẹ́rà sì ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Kingsley ti wò ó lálẹ́ yìí, ó ní kí n gé ibi tó ti gbọ̀n yẹn kúrò. Mi ò ní gé e.